Bí Àṣírí Sẹ́ẹ̀lì Tó Ń Wú Oríkèé Ṣe Tú

Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ti mọ oríkèé tó wú bí ẹni mowó. Ní ọ̀rúndún kìíní, Celsus ará Róòmù kọ àmì mẹ́rin rẹ̀ sílẹ̀: ó ń pọ́n, ó ń wú, ó ń gbóná, ó ń dunni. Ẹni tí làkúrègbé bá ti so mọ́lẹ̀ rí ò nílò ìwé Celsus kó tó ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde. Ohun tó wà nídìí wọn gan-an ni kò yé ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní omi burúkú kan ló ń kán látinú ara sínú oríkèé, ọ̀rọ̀ sì dúró síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún.

Ọdún 1867 ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yé wọn. Ní Berlin, Julius Cohnheim na awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó di ìfun ọ̀pọ̀lọ́ mú sábẹ́ maikirosíkóòpù, ó jókòó tì í, ó ń wò ó. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó ti ń bá ẹ̀jẹ̀ sáré lọ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri òpó ẹ̀jẹ̀. Òmíràn yọ díẹ̀ lára rẹ̀ sóde, ó fún ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì gba àárín ògiri náà kọjá sínú ẹran ara, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìdúró. Rudolf Virchow, ọ̀gá Cohnheim, ti ń kọ́ àwọn èèyàn pé inú ẹran ara tó wú ni sẹ́ẹ̀lì inú ọyún ti ń hù. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló wá fojú ara rẹ̀ rí i pé inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ti ń wá.

Lọ́dún 1882, ní Messina ní Ítálì, Elie Metchnikoff fi ẹ̀gún róòsì gún ọmọ ẹja ìràwọ̀ tí èèyàn lè rí inú rẹ̀ kedere. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì ti pagbo yí ẹ̀gún náà ká. Ó ní ọmọ ogun ara ni wọ́n, àjèjì tó bá wọlé ni wọ́n ń gbé mì. Òun àti Paul Ehrlich jọ gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1908. Òótọ́ lohun tó sọ. Lójú tèmi ṣá, ìyìn yẹn mú kó ṣòro láti fura sí sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí nígbà tí wọ́n bá kún inú orúnkún.

Philadelphia ni ẹjọ́ ti yí padà. Lọ́dún 1961, Daniel McCarty àti Joseph Hollander fa omi láti inú oríkèé àwọn tó ní gout, ìyẹn làkúrègbé tí yúríìkì ásíìdì ń fà. Alfred Garrod ti rí ásíìdì yìí nínú ẹ̀jẹ̀ irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ láti 1848. Ohun tí àwọn méjì yìí rí ni kírísítálì, ìyẹn ásíìdì náà tó ti dì, ẹlẹ́nu ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, tí púpọ̀ nínú wọn wà nínú ikùn sẹ́ẹ̀lì funfun. Ṣé kírísítálì ló wá fa wíwú ni, àbí wíwú ló mú un wá? Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, McCarty àti James Faires gún kírísítálì náà sínú orúnkún tiwọn fúnra wọn, orúnkún tí nǹkan kan ò ṣe. Kò tó ọjọ́ kan tó fi wú, tó gbóná, tí ìrora rẹ̀ sì le gan-an. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dán irú ẹ̀ wò lónìí o. Ọdún 1966 ni Paul Phelps àti McCarty wá ṣe èyí tó já sí kókó: wọ́n fi oògùn dín sẹ́ẹ̀lì funfun ajá kù gidigidi kí wọ́n tó gún kírísítálì sí i. Wíwú náà rọlẹ̀ púpọ̀. Kírísítálì wà níbẹ̀, àmọ́ àwọn tó máa ń bínú sí i ò sí nílé.

Ṣùgbọ́n kò sí kírísítálì nínú irú làkúrègbé tí Garrod sọ lórúkọ rheumatoid arthritis lọ́dún 1859, níbi tí ara ti ń bá ara rẹ̀ jà. Níbẹ̀, awọ inú oríkèé, tí kì í ju ìpele sẹ́ẹ̀lì kan sí mẹ́ta lọ, lè nípọn tó mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó máa ń nà bo orí egungun, ó sì ń jẹ ẹ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ pọ̀ lóríṣiríṣi, wọ́n sì ń fi purotéènì ránṣẹ́ síra wọn, débi pé ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé téèyàn bá dí ọ̀kan lẹ́nu, òmíràn á máa pariwo lọ. Marc Feldmann àti Ravinder Maini ní London ò gbà. Lọ́dún 1989, àwọn àti ẹgbẹ́ wọn fi hàn nínú àwo pé bí wọ́n bá dí purotéènì kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní TNF, àwọn sẹ́ẹ̀lì awọ tí wọ́n gbà lára aláìsàn á dín purotéènì oníwàhálà mìíràn kù. Lọ́dún 1992 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò lára aláìsàn 20 ní ilé ìwòsàn Charing Cross. Oríkèé wọn tó wú rọlẹ̀, ara sì tù wọ́n.

Nínú irú làkúrègbé tí a gbà pé ọjọ́ orí àti ìlò ló ń fà, sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àmọ́ wọn ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, abẹ́rẹ́ tó ń dí TNF ò sì tíì ṣe é lóore tó ṣe gúnmọ́. Abẹ́rẹ́ náà tún ní ewu tirẹ̀. TNF kan náà ló ń mú kí sẹ́ẹ̀lì máa sé kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ mọ́ ibi tó ń sùn sí nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi máa ń kọ́kọ́ yẹ aláìsàn wò fún ikọ́ ẹ̀gbẹ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gún un.