Ìjẹrà àpáta àti ìrísí ilẹ̀ Èkìtì

Ìjẹrà àpáta ni bí òkúta líle ṣe ń rà, tí ó ń fọ́, tí ó sì ń di iyẹ̀pẹ̀ lójú kan náà tí ó wà, láìjẹ́ pé nǹkan kan gbé e kúrò níbẹ̀. Bí omi tàbí afẹ́fẹ́ bá wá kó iyẹ̀pẹ̀ náà lọ, a ní ilẹ̀ ń fọ̀ lọ. Ibi tí wọ́n bá sì já a sílẹ̀ sí ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti ń kó jọ. Iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ló gbẹ́ ojú ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ Èkìtì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996, tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ rẹ̀ sì fi ohun tó ju mítà 250 ga ju òkun lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé láti ara “òkìtì” ni orúkọ Èkìtì ti wá, nítorí àwọn òkè ibẹ̀.

Àpáta ìsàlẹ̀

Àwọn irú àpáta líle tí à ń pè ní gíráníìtì, náìsì, ṣánọ́káìtì àti kuọ́tsáìtì ni ó pọ̀ jù nísàlẹ̀ ilẹ̀ Èkìtì. Gíráníìtì ibẹ̀ ti tó nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 600. Ọ̀pọ̀ kìlómítà nínú ilẹ̀ ni ó ti tutù, tí ó sì dì. Bí a ṣe wá ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lónìí, a jẹ́ pé gbogbo ohun tó bò ó nígbà náà ti rà, omi sì ti kó o lọ.

Bí àpáta ṣe ń rà

Omi òjò kì í ṣe omi lásán. Ó ń gba èéfín kábọ́ọ̀nù nínú afẹ́fẹ́, ó tún ń gba púpọ̀ sí i lára ewé tó ń jẹrà nínú ilẹ̀, títí yóò fi kan díẹ̀. Kíkan yìí kò tó ohun tí ahọ́n lè mọ̀, ṣùgbọ́n ó tó láti jẹ fẹ́lísípà, èròjà funfun tàbí aláwọ̀ osùn tó pọ̀ jù nínú gíráníìtì, kí ó sì sọ ọ́ di amọ̀ funfun tí à ń pè ní kaolíìnì. Àwọn èròjà dúdú inú àpáta náà ń tú irin sílẹ̀. Irin yìí ń dípẹtà, ìdí nìyẹn tí ìlẹ̀pa fi pupa. Kuọ́ọ̀sì, èròjà líle mìíràn nínú gíráníìtì, nìkan ni omi yìí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ṣe. Òun ni ó ń ṣẹ́ kù bíi yanrìn. Láti inú irú ìjẹrà báyìí ni amọ̀ tí àwọn amọ̀kòkò Ìsàn-Èkìtì ń lò ti wá, àti èyí tí wọ́n ti fi sun bíríkì rí ní Ìrè-Èkìtì.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìjẹrà kedere, kí ó dúró ti àwọn tó ń gbẹ́ kànga. Ilẹ̀ dúdú ni wọ́n kọ́kọ́ ń kó jáde, lẹ́yìn náà ìlẹ̀pa àti yangí, tí í máa fún dígà níṣẹ́ ṣe. Lábẹ́ yangí ni amọ̀ alámì pupa àti funfun wà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ohun tó ń tan àlejò jẹ yóò jáde: òkúta tí ìlà dúdú àti funfun ara náìsì ṣì hàn lára rẹ̀ rekete, ṣùgbọ́n bí a bá fọwọ́ fún un, á wó sílẹ̀ bíi gààrí. Àpáta ti kú, àwòrán rẹ̀ ló kù. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni dígà ti máa ń dún lórí òkúta gidi. Ní ibì kan, mítà méjì péré ni ó jìn. Ní òdìkejì òpópónà, ó lè ju mítà mẹ́wàá lọ.

Àwọn òkè àpáta

Àìdọ́gba yìí ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi ń ṣàlàyé òkè àpáta bí Olósùnta àti Òròlé ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ní nǹkan bí ọdún 1900, Wilhelm Bornhardt, onímọ̀ nípa ilẹ̀, ará Jámánì, fún irú òkè báyìí ní orúkọ tó túmọ̀ sí “òkè erékùṣù”, nítorí pé ó dá dúró láàárín pẹ̀tẹ́lẹ̀ bí erékùṣù láàárín omi. Ní 1911, J. D. Falconer, tó wo ilẹ̀ Àríwá Nàìjíríà fínnífínní, dábàá pé abẹ́ ilẹ̀ ni òkè náà ti kọ́kọ́ gba ìrísí rẹ̀: ibi tí àpáta ti sán káàkiri, omi wọ inú rẹ̀, ó rà; ibi tí kò sán, ó le síbẹ̀. Nígbà tí àgbàrá wá kó èyí tó rà lọ, èyí tó le yọ orí síta. Àlàyé yìí bá ohun tí à ń rí ní Èkìtì mu dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pọn dandan kí gbogbo òkè tọ ọ̀nà kan náà.

Bí òkè bá ti yọ síta, ẹrù tó wà lórí rẹ̀ ti fúyẹ́, ó ń bó ní ìpele ìpele bí àlùbọ́sà. Wọ́n ti máa ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé oòrùn ọ̀sán àti òtútù òru nìkan ló ń fa bíbó yìí. Ní 1936, David Griggs, onímọ̀ nípa ilẹ̀, ará Amẹ́ríkà, fi iná àti afẹ́fẹ́ tútù dán òkúta gíráníìtì wò léraléra, iye ìgbà tó dọ́gba pẹ̀lú ọ̀sán àti òru ọdún 244. Láìsí omi, kò sí ohun tó yí padà lára rẹ̀. Ìgbà tí ó lo omi ni ojú òkúta náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Iná gidi yàtọ̀ o: àwọn tó ń fọ́ òkúta mọ̀ pé bí a bá dáná sórí àpáta, yóò sán.

Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní tirẹ̀ jókòó sórí kuọ́tsáìtì, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kuọ́ọ̀sì látòkèdélẹ̀. Nítorí pé kì í tètè rà, ó ga fíofío, ṣùgbọ́n ó sán. Inú irú sísán bẹ́ẹ̀ ni omi gbígbóná Ìkọ́gòsì ń gbà jáde, ní nǹkan bí 38°C, kí ó tó lọ pàdé omi tútù.

Àgbàrá

Òjò àkọ́rọ̀, ní nǹkan bí oṣù kẹta sí ìkẹrin, ló burú jù fún oko tí wọ́n ti sun, nítorí kò sí ewé tí yóò gba ẹ̀kán òjò dúró. Lẹ́yìn irú òjò bẹ́ẹ̀, orí ebè á rí págunpàgun, yanrìn funfun á sì tẹ́ sínú poro. Ebè tó dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ń dín eré omi kù. Èyí tó kọjú sí ìsàlẹ̀ ń la ọ̀nà fún un. Ní ìgboro, páànù orí ilé àti títì ọlọ́dà ló ń kó omi jọ sójú kan, kòtò a sì ṣí níbi tí gọ́tà bá parí sí. Síbẹ̀, ọ̀gbun Èkìtì kì í sábà jìn tó ti Agulu àti Nanka ní Ìpínlẹ̀ Anambra, tó wà lórí yanrìn tí kò dì, nítorí ní Èkìtì omi máa ń tètè kan àpáta.

Ibi tí iyẹ̀pẹ̀ ń balẹ̀ sí

Ibi tí omi bá ti rẹ̀ ni ó ti ń sọ ẹrù kalẹ̀: òkúta wẹ́wẹ́ ní ìdí òkè, yanrìn ní ìkọ́rọ̀ odò, ẹrẹ̀ ní àkùrọ̀, níbi tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọyẹ́ náà ń bu eruku wá láti ìhà Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad. Ẹrẹ̀ tó kúnná jù kì í dúró nítòsí. Odò Ọ̀ṣun, tó ṣẹ̀ ní Ìgèdè-Èkìtì, ń gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ sí ọ̀sà ní ìhà Ẹ̀pẹ́.