Fáíbà Wo Ló Yẹ Kéèyàn Fi So Switch Pọ̀ Nínú Ilé?

Ká mú ilé alájà mẹ́ta kan ní Ògo-Olúwa níbí ní Òṣogbo, ọ́fíìsì ló kún inú ẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì ń wọlé nísàlẹ̀ níbi tí switch àgbà, ẹ̀rọ tó ń so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, wà, àjà kọ̀ọ̀kan wá ní switch tiẹ̀ tí kọ̀ǹpútà, kámẹ́rà àti Wi-Fi ibẹ̀ so mọ́. Waya tó ti ọ̀dọ̀ switch àgbà lọ bá àwọn tòkè yẹn ni gbogbo ilé gbára lé, tí ìyẹn bá daṣẹ́ sílẹ̀, àjà yẹn ti kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìyẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣọ́wó ná á ní kí wọ́n ṣáà fa Cat6, waya nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wọ́pọ̀ yẹn, kò sì purọ́, Cat6 á ṣiṣẹ́ lórí spéèdì 1 gíìgì (gígábíìtì kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan) tí ọ̀nà ò bá ti ju mítà 100 lọ, àmọ́ tó bá di 10 gíìgì, nǹkan bíi mítà 55 ló mọ, Cat6A ló lè dé 100. Ọ̀rọ̀ mítà yẹn kọ́ ló ká mi lára jù. Bàbà ló wà nínú Cat6, bàbà sì ń gbé iná, àrá tó ń sán ní Òṣogbo nígbà òjò kì í sì í ṣe kékeré, kò dìgbà tó bá kọ lu ilé gan-an, tó bá ti sán nítòsí, iná lè ti ara waya gígùn yẹn wọnú pọ́ọ̀tù switch méjèèjì kó sì jó wọn. Tó bá wá jẹ́ ilé méjì nínú ọgbà kan, tí ọ̀kan wà lórí iná NEPA tí èkejì wà lórí jẹnẹrétọ̀, earth wọn lè má dọ́gba, waya bàbà tó wà láàárín wọn á wá di ọ̀nà tí iná ń gbà kọjá. Gíláàsì ni fáíbà ní tiẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé, iná ò rí ibi gbà nínú ẹ̀. Èyí tí wọ́n fi irin wé lára nìkan ni kí wọ́n rántí so irin ẹ̀ mọ́ earth.

Oríṣi fáíbà méjì ló wà, single-mode àti multimode. Ojú ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà nínú single-mode fẹ̀ tó máíkírọ́ọ̀nù 9, ti multimode òde òní jẹ́ 50, ti àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní OM1 jẹ́ 62.5, bẹ́ẹ̀ máíkírọ́ọ̀nù 1000 ló wà nínú mìlímítà kan ṣoṣo. Èèyàn á rò pé èyí tó fẹ̀ ló máa dáa, rárá o. Tójú ọ̀nà bá fẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á máa gba ibi oríṣiríṣi, bí ìgbà tí èrò kúrò ní Ọjà Ọba lẹ́ẹ̀kan náà, táwọn kan gba tààrà lọ sí Ọláìyá táwọn kan gba àdúgbò yí ká, wọn ò lè débẹ̀ pọ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó jọ gbéra ò ní jọ dé, àmì kan á gorí èkejì, bí spéèdì bá sì ṣe ń ga sí i ni ibi tó lè rìn dé á máa kúrú sí i. Ìdí nìyẹn tí OM1 fi mọ ní mítà 33 lórí 10 gíìgì, àwọn multimode tó tẹ̀ lé e, OM2 ní 82, OM3 ní 300, OM4 ní 400. Single-mode ò ní ibi tó ń yà sí, kìlómítà 10 ni SFP (nǹkan kékeré tí wọ́n ń kì bọ ẹnu switch) tí wọ́n ń pè ní LR ń gbé 10 gíìgì yẹn dé lórí ẹ̀.

Àwọn kan á ní gbogbo ilé yìí ò tó mítà 100, kí la fẹ́ fi kìlómítà 10 ṣe? Switch làá pààrọ̀ láàárín ọdún mélòó kan, ẹnìkan ò fẹ́ fọ́ ògiri tàbí tú sílìn lẹ́ẹ̀mejì. OM3 tó ń gbé 10 gíìgì dé mítà 300 yẹn, tó bá di 100 gíìgì lórí oríṣi tí wọ́n ń pè ní SR4, mítà 70 péré ló kù, fọ́nrán gíláàsì mẹ́jọ ló sì máa jẹ dípò méjì. Torí náà, ilé tuntun tí wọn ò tíì fa nǹkan kan sí, single-mode tí wọ́n ń pè ní OS2 ni kí wọ́n fà, èmi ò rí ìdí tí wọ́n fi fẹ́ fa òmíì. Okùn ẹ̀ fúnra ẹ̀ ò wọ́n ju multimode lọ, SFP ẹ̀ ló máa ń wọ́n jù díẹ̀, ìyẹn náà ti ń wálẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ OM3 tàbí OM4 ló ti wà nínú ògiri tó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ fi sílẹ̀ jàre.

SFP yẹn ló ń sọ iná di ìmọ́lẹ̀, òun náà ló ń pinnu spéèdì. Ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu: SR fún multimode, LR fún single-mode, àwọn switch kan sì wà tí kì í gba SFP ilé iṣẹ́ mìíràn, kí wọ́n bèèrè kí wọ́n tó sanwó. Wọ́n tún máa ń sọ pé ìmọ́lẹ̀ single-mode á jó switch tí okùn bá kúrú. LR ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, agbára ìmọ́lẹ̀ tó ga jù tó lè fi ránṣẹ́ jẹ́ 0.5 dBm (dBm ni wọ́n fi ń wọn agbára ìmọ́lẹ̀), iye yẹn náà ni ẹ̀gbẹ́ kejì lè gbà láìbàjẹ́. ER tó ń lọ kìlómítà 40 àti ZR tó ń lọ 80 ni kéèyàn bẹ̀rù.

Fọ́nrán méjì ni ìsopọ̀ kan ń lò, ọ̀kan fún lílọ ọ̀kan fún bíbọ̀, ẹ ṣáà fa olófọ́nrán 6 tàbí 12, owó iṣẹ́ kan náà ni. Kí àjà kọ̀ọ̀kan ní okùn tiẹ̀ tààrà látìsàlẹ̀, kí wọ́n má so àjà kẹta mọ́ ìkejì, torí tí iná bá lọ ní ìkejì tí bátìrì sì kú, ẹni tó wà lókè náà ò ní rí nǹkan kan lò. Ibi tí eku wà, inú páìpù ni kó gbà.

Ìdọ̀tí ló sì ń pa fáíbà jù nílùú wa yìí, pàápàá nígbà ọyẹ́. Orí funfun tó wà lẹ́nu okùn, èyí tí wọ́n ń pè ní LC, fẹ̀ tó mìlímítà 1.25, àárín ẹ̀ gangan ni máíkírọ́ọ̀nù 9 yẹn wà, eruku tójú ò lè rí lè dí i pátápátá. Ẹ má ṣí ìdérí ẹ̀ títí dìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ kì í bọ̀ ọ́, ẹ má fi etí ẹ̀wù nù ún, ohun ìnulẹ́nu fáíbà wà lọ́jà, ẹ má sì yọjú wo inú ẹ̀ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, torí ojú èèyàn ò lè rí ìmọ́lẹ̀ yẹn ṣùgbọ́n ó lè ba ojú jẹ́. Èyí tí ẹnu ẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé tí wọ́n máa ń gbé wá fún íntánẹ́ẹ̀tì ilé ò bá aláwọ̀ búlúù ti switch mu, ojú wọn ò lè kanra dáadáa.

Kí wọ́n tó sanwó tó kù fún ẹni tó fa okùn, kó fi ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ wọn fọ́nrán kọ̀ọ̀kan níṣojú wọn. LR lè pàdánù ìmọ́lẹ̀ tó 6.2 dB (dB ni wọ́n fi ń wọn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe dín kù) kó ṣì ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n nínú ilé kan, pẹ̀lú ẹnu méjì àti ibi méjì tí wọ́n ti fi iná jó fọ́nrán pọ̀, kò yẹ kó kọjá 2. Tí ẹ̀rọ yẹn bá ń sọ 5, okùn ti tẹ̀ jù níbìkan tàbí ẹnu ẹ̀ dọ̀tí, kó padà lọ wá a, kó sì kọ nọ́ńbà sí orí àti ìdí gbogbo fọ́nrán kó tó lọ.