Ẹ̀tanú sí obìnrin tó ń du ipò gíga

Ẹ̀tanú yìí ni kí àwọn olùdìbò tàbí àgbà ẹgbẹ́ òṣèlú máa fi òṣùwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wọn ọkùnrin àti obìnrin tó ń du ipò kan náà. Ipò ààrẹ ni ọ̀pọ̀ ìwádìí dá lé.

Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n

Ní 1937, iléeṣẹ́ Gallup bi àwọn ará Amẹ́ríkà bóyá wọ́n á dìbò yan obìnrin sípò ààrẹ bó bá kúnjú òṣùwọ̀n ní gbogbo ọ̀nà yòókù. Ìdá 33 nínú 100 ló gbà. Ìbéèrè náà gan-an ní àbùkù: "yòókù" yẹn ti ka jíjẹ́ obìnrin sí àléébù. Lóde òní, àwọn tó ń gbà ti lé ní 90, àmọ́ ojú lè máa ti ẹlòmíì láti sọ ti inú rẹ̀ fún àlejò.

Ọ̀nà àbáyọ kan ni àkójọ. A ó ṣẹ́ gègé pín àwọn olùdáhùn sí méjì. Apá kìíní á gba ohun mẹ́rin tó lè bí èèyàn nínú, irú bíi epo bẹntiróòlù tó ń wọ́n sí i. Apá kejì á gba mẹ́rin yìí kan náà, pẹ̀lú "kí obìnrin jẹ ààrẹ" ṣe ìkarùn-ún. Iye tó bí wọn nínú ni wọ́n á sọ, wọn ò ní sọ èyí tó jẹ́. Bí a bá yọ ìpíndọ́gba apá kìíní kúrò nínú ti ìkejì, ìyókù ni ìdá àwọn tí inú ń bí sí ààrẹ obìnrin. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2008 rí 0.26, ìyẹn ìdá 26 nínú 100. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni pé ẹni tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àkọ́kọ́ ti bí nínú mọ̀ pé "márùn-ún" á tú àṣírí òun, yóò sì dá a dúró sí mẹ́rin. Bí olùdáhùn bá kéré, èsì náà kò ṣeé gbára lé.

Ní 2022, àwọn olùwádìí Schwarz àti Coppock ṣàyẹ̀wò àdánwò 67 tí wọ́n ti ní kí àwọn olùdáhùn yàn láàárín olùdíje àfinúrò tó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Ó fi hàn pé ìtìlẹ́yìn tí obìnrin ń rí tilẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 ju ti ọkùnrin lọ. Èyí kò sọ pé ẹ̀tanú ti tán, torí pé nínú àdánwò bẹ́ẹ̀, orúkọ obìnrin ti wà níwájú olùdáhùn tẹ́lẹ̀.

Nàìjíríà

Ìdìbò abẹ́lé ló jọ pé ọ̀nà ti dí jù. Nínú ti PDP ní oṣù kìíní 2011, Goodluck Jonathan ní ìbò 2,736, Atiku Abubakar ní 805, Sarah Jibril sì ní 1. Nínú olùdíje 18 fún ipò ààrẹ ní 2023, Chichi Ojei nìkan ni obìnrin. Virginia Etiaba ṣe gómìnà Anambra láàárín 2006 sí 2007, àmọ́ ipò igbákejì ló ti bọ́ síbẹ̀ nígbà tí wọ́n yọ Peter Obi.