Koríko ìrẹsì di ògiri: bí tọkọtìyàwó ṣe lè fọwọ́ ara wọn kọ́ ọ nílẹ̀ Okun

Tí tọkọtìyàwó kan bá sọ ní Ìsánlú tàbí ní Mọ́pà, nílẹ̀ Okun ní ìpínlẹ̀ Kogí, pé koríko làwọn fẹ́ fi mọ ògiri ilé àwọn, ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu gbogbo ẹbí ni pé ṣé iná ò ní jó o ni. Ìbéèrè yẹn ò burú o, gbogbo wa la mọ bí iná ṣe ń ṣe lóko nígbà ọyẹ́, àmọ́ iná kọ́ ló yẹ kó máa já wọn láyà jù. Koríko tí wọ́n bá fún pọ̀ dáadáa, tí wọ́n wá rẹ́ amọ̀ sí lára nínú àti lóde, afẹ́fẹ́ ò ráyè wọ inú ẹ̀, iná tí ò bá sì rí afẹ́fẹ́, kí ló fẹ́ jẹ? Ẹ ju odidi ìwé ńlá kan sínú iná, etí ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ dúdú, ó máa pẹ́ kó tó dé àárín, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń ya ojú ewé ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ tó mọ̀ ó ti tán. Ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2006 wọ́n dáná sí irú ògiri yìí láti dán an wò, èyí tí wọ́n fi amọ̀ rẹ́ fara da iná fún wákàtí 1, èyí tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ fara dà á fún wákàtí 2. Ìgbà tí iná léwu gan-an ni ìgbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́, tí koríko wà nílẹ̀ jáńtirẹrẹ, tí ẹnìkan wá ń mu sìgá tàbí tí wẹ́dà ń jó irin fèrèsé nítòsí. Alaalẹ́ ni kí wọ́n máa gbá ilẹ̀ ibẹ̀.

Omi ló ń pa ilé koríko. Gbogbo nǹkan tó kù tí wọ́n máa ń ṣe sí i, látorí bí wọ́n ṣe ń di koríko títí dórí ohun tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri, nítorí omi ni.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti àná. Agbègbè kan wà ní ìpínlẹ̀ Nebraska ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Sandhills, iyanrìn ló pọ̀ níbẹ̀, igi ò sí, nígbà tí ẹ̀rọ tó ń di koríko sì dé ọ̀dọ̀ wọn ní ìparí ọ̀rúndún 19, àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í to ìdì koríko bí ẹni ń to búlọ́ọ̀kù. Ilé ìwé kan tí wọ́n kọ́ báyẹn nítòsí Bayard, wọn ò rẹ́ ẹ, wọn ò sì ṣọgbà yí i ká, ni wọ́n bá ní màlúù jẹ ẹ́. Ẹni tó bá mọ ohun tí màlúù ń ṣe lóko lọ́dọ̀ wa ò ní jiyàn. Àmọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan tí wọ́n kọ́ sí Arthur, ní Nebraska yẹn kan náà, lọ́dún 1928 ṣì wà lórí ìdúró, ilé koríko mìíràn sì wà ní Montargis ní Faransé tí wọ́n kọ́ ní 1920. Ṣùgbọ́n ká má tan ara wa o, òjò Sandhills ò tó tiwa, ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀ tó lọ, tí wọ́n bá ṣe é bẹ́ẹ̀ ní Kàbà, ó lè má rí ọdún kẹta.

Koríko wo gan-an? Kì í ṣe koríko tútù tí wọ́n lọ bẹ́ nígbó, kì í sì í ṣe ìyàngbò. Igi ìrẹsì tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa ọkà orí ẹ̀ tán ni, tó ti gbẹ, tí ò sí hóró lórí ẹ̀ mọ́, torí hóró tó bá ṣẹ́ kù nínú ògiri, eku ló ń pè. Koríko ìrẹsì dáa fún iṣẹ́ yìí torí ohun kan tó dà bí iyanrìn wà nínú ara ẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí àdá máa kú tí wọ́n bá ń gé e, òun náà ni kì í jẹ́ kó tètè jẹrà. Ní apá Ejiba níbi tí dáàmù Omi-Kampe wà, ìrẹsì ń hù, lẹ́yìn ìkórè sì rèé, koríko tó bá kù lóko, iná ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ máa ń sọ sí i. Èéfín tó ń lọ yẹn, ògiri ni.

Àsìkò wa sì bá a mu, èmi gan-an ò rí ohun tó tún bá ilẹ̀ Okun mu tó o. Nǹkan bí oṣù kẹwàá sí ìkejìlá ni wọ́n ń gé ìrẹsì, ọyẹ́ á sì dé lẹ́yìn ẹ̀ tààrà, tí ètè èèyàn á máa là, tí koríko náà á gbẹ ṣáńkọ́. Wọ́n á ní bí oṣù mẹ́rin kí òjò tó padà ní ìparí oṣù kẹta tàbí nínú oṣù kẹrin. Tọkọtìyàwó tí ò bá tíì ní òrùlé lórí nígbà tí àrá àkọ́kọ́ bá sán, kí wọ́n kó koríko wọn pamọ́ di ọdún tó ń bọ̀, kí wọ́n má fi ìkánjú tò ó sábẹ́ òjò.

Ẹ̀rọ tó ń di koríko kì í ṣe nǹkan téèyàn máa ń rí káàkiri ọ̀dọ̀ wa, àmọ́ ìyẹn ò dá iṣẹ́ dúró. Ní Pakistan lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 2005, àwọn kan ń fi àpótí àti jáàkì di koríko lọ́wọ́ láti fi kọ́lé fún àwọn tálákà, wọ́n tiẹ̀ kọ́ ọ̀kan sórí ẹ̀rọ tó ń mi tìtì ní yunifásítì Nevada ní 2009, ilé yẹn ò wó. Àpótí yẹn, káfíńtà èyíkéyìí lè kàn án: pákó líle, inú ẹ̀ ínṣì 14 sí 18, gígùn ẹ̀ ínṣì 36, kò ní ìdérí, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan ṣeé ṣí. Wọ́n á kọ́kọ́ tẹ́ okùn náílọ́ọ̀nù méjì sínú ẹ̀, wọ́n á wá máa da koríko sí i díẹ̀díẹ̀, ẹnìkan á máa fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ìkejì á máa rọ sí i, tó bá kún wọ́n á gbé pákó lé e, wọ́n á fi jáàkì mọ́tò tàbí igi gígùn fún un mọ́lẹ̀, wọ́n á wá so okùn kó tó sinmi. Èèyàn méjì ló ń ṣe é, ẹnìkan ò lè tẹ̀ kó tún so, ìdí ẹ̀ rèé tí mo fi sọ pé iṣẹ́ tọkọtìyàwó ni, tí wọ́n bá fẹ́ jà náà ibẹ̀ ni wọ́n á ti jà.

Ìdì kan tó bá dáa máa ń wọ̀n tó kílò 18. Tó bá fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò fún pọ̀ tó, á sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la, á sì fa ògiri ya. Tó bá wúwo jù, ó lè jẹ́ omi ló wà nínú ẹ̀. Tí wọ́n bá fi okùn gbé e sókè tó tẹ̀ bí ẹ̀wù tí wọ́n sá, kí wọ́n tú u dì. Ní ti omi, ìwọ̀n tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ń sọ ni pé omi inú ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ kọjá ìdá 20 nínú 100, torí lókè ìyẹn ni olú á ti bẹ̀rẹ̀ sí í hù sí i. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń wọn ọ́n, èyí tó bá sì wà lọ́wọ́ dáa, àmọ́ kí wọ́n ṣáà ki ọwọ́ bọ àárín ìdì: tó bá ń gbóná tàbí tó tutù sọ́wọ́, tí igi koríko bá tẹ̀ dípò kó dá, kò tíì tó.

Ibi tí wọ́n bá tò ó sí, kó má kan ilẹ̀. Orí igi ni, tàpólì lórí, kí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ṣí sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè kọjá.

Mélòó ni wọ́n máa nílò? Ká ní yàrá kan tí inú ẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 ni. Ògiri yìí nípọn tó ínṣì 18, nítorí náà ìta ẹ̀ máa di 15 sí 15, ẹ rántí ìyẹn tẹ́ ẹ bá ń wọn ilẹ̀. Ìdì 18 ló máa yí i ká ní ìpele kan, ìpele 7 ló máa gbé e dé ẹsẹ̀ bàtà 8, ìyẹn 126, ẹ yọ ilẹ̀kùn kan àti fèrèsé méjì kúrò, ó ku bíi 113. Kí wọ́n di 130 kí wọ́n má bàa máa wá koríko kiri lójú àgbàrá. Gbogbo ẹ̀ ò ju tọ́ọ̀nù méjì àti díẹ̀ lọ, koríko tó ń jáde lóko ìrẹsì sì ń wọ̀n tó ìrẹsì tó jáde níbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ á ṣírò èyí tó kù fúnra wọn.

Ìpìlẹ̀ ni ibi tí sìmẹ́ǹtì Ọbájànà ti wúlò, kò sí àríyànjiyàn nínú ìyẹn, òkúta sì pọ̀ nílẹ̀ wa débi tí wọ́n fi ń dí ọkọ́ lọ́wọ́. Wọ́n á mọ òkúta àti sìmẹ́ǹtì sókè tó orúnkún, torí òjò wa kì í rọ̀ kó dákẹ́, á já látòkè, á tún ta padà sára ògiri pẹ̀lú ẹrẹ̀. Lórí ìpìlẹ̀ yẹn wọ́n á tẹ́ páànù tí etí ẹ̀ yọ síta, tó tẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀, ti ikán nìyẹn. Kò fi gbogbo ara dá ikán dúró o, ikán á gba orí ẹ̀ kọjá tó bá fẹ́, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà ẹ̀ síta níbi tójú ti ń rí i, wọ́n á sì fi ìgbálẹ̀ ya á dànù. Nítorí náà kí wọ́n má ko igi ìdáná tì í, kí wọ́n má gbin òdòdó mọ́ ọn. Lórí páànù yẹn ni pákó méjì tó jọ ń lọ máa wà, òkúta wẹ́wẹ́ láàrin wọn, kí omi tí ọmọ bá dà nù nínú ilé má bàa rí ìdì ìsàlẹ̀ mu.

Lẹ́yìn ìpìlẹ̀, òrùlé ló kàn. Bẹ́ẹ̀ ni, òrùlé ṣáájú ògiri. Ti Nebraska àtijọ́, ògiri koríko fúnra ẹ̀ ló ń gbé òrùlé, kò sí òpó, ìyẹn ni pé ògiri á ti ga tán kí ohunkóhun tó bò ó. Fún ilẹ̀ tiwa mi ò rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni dán an wò. Kí wọ́n ri òpó igi líle bíi apá mọ́lẹ̀, kí wọ́n kan òrùlé lé e, kí páànù yọ kọjá ògiri tó ẹsẹ̀ bàtà 3 yíká, kí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ lè já sí ọ̀nà jíjìn. Àwọn bàbá wa tó ń fi bẹẹrẹ bolé mọ èyí, òrùlé wọn máa ń wálẹ̀ débi pé àlejò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kó tó wọlé. Àwa la gé e kúrú nígbà tí páànù dé.

Títò ẹ̀ ò le, ọjọ́ méjì mẹ́ta ni tí wọ́n bá bẹ ọ̀wẹ̀, tí iyán àti ọbẹ̀ sì wà. Bí wọ́n ṣe ń to búlọ́ọ̀kù náà ni, kí orí ìdì kan má bá orí ti ìsàlẹ̀ ẹ̀ mu. Ọparun ni wọ́n ń nà sára ògiri nínú àti lóde, tí wọ́n á fi okùn gba inú koríko so méjèèjì pọ̀, ìyẹn ló ń mú un dúró gbọin. Wọ́n á fún un mọ́lẹ̀ látòkè, wọ́n á fi koríko ki gbogbo ihò, wọ́n á wá fi àdá tó mú gé èyí tó yọ síta bí ìgbà tí bábà ń gé irun. Igi fèrèsé, ibi tí wọ́n máa fi ìṣó kọ́ nǹkan, páìpù tí wáyà iná máa gbà, gbogbo ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀ kí amọ̀ tó débẹ̀, torí koríko kì í di ìṣó mú.

Ó wá ku rírẹ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ nítorí pé wọ́n fẹ́ kó jọ ilé olówó. Bíríkìlà máa ní sìmẹ́ǹtì ni, á fi ọwọ́ lu àyà. Sìmẹ́ǹtì máa ń là tínrín tínrín, omi òjò á gba ibi tó là wọlé, kò sì ní jẹ́ kó rọ́nà jáde, koríko á wá máa jẹrà nínú ẹ̀wù tó dáa lóde. Amọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Amọ̀ máa ń mu ọ̀rinrin, á tún tu ú sílẹ̀ nígbà tí oòrùn bá yọ, ògiri á sì máa mí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń rẹ́ ẹ. Àkọ́kọ́ jẹ́ amọ̀ ṣíṣàn bí ògì, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ki í wọ inú koríko, kí wọ́n fi agbára ṣe é. Ìkejì nípọn ju ìyẹn lọ, amọ̀, iyanrìn àti koríko tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n fẹsẹ̀ po, kí wọ́n bù ú sílẹ̀ mọ́jú. Tó bá gbẹ tó là gan-an, iyanrìn ẹ̀ ò tó. Tó bá ń já sọ́wọ́ bí gààrí, amọ̀ ẹ̀ ló kéré, nítorí náà kí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò lára ibi kékeré. Ìkẹta ni èyí tójú ń rí, láìmù, ìyẹn ẹfun tí wọ́n fi ń kun ilé, dáa fún ti ìta, wọ́n sì lè lo bọ̀tọ̀ màlúù, tàbí omi èèpo èso igi irú tí wọ́n sè títí tó fi pọ́n, èèpo yẹn ni àwọn tó ń ṣe irú máa ń dà nù. Àwọn ìyá wa ló ń rẹ́ ilé láyé àtijọ́, ìyàwó ilé yìí lè ti mọ̀ ọ́n ju bíríkìlà lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ooru. Wọ́n máa ń sọ pé ilé koríko tutù, òótọ́ ni, ògiri tó nípọn báyẹn kì í jẹ́ kí oòrùn wọlé. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ wa orí páànù ni ooru ti ń wá jù, ògiri kọ́. Ẹni tó bá fi koríko mọ ògiri tí ò wá ṣe sílìn, tí ò fi nǹkan kan sáàárín sílìn àti páànù, òun ló fọwọ́ ara ẹ̀ fà á, á ṣì máa gbé ẹní sóde ní oṣù kẹta bíi tẹlòmíràn.

Àwọn tó ń kọ́ irú ilé yìí lókè òkun ní àṣà kan, wọ́n máa ń fi ojú kékeré sílẹ̀ lára ògiri tí wọn ò ní rẹ́, wọ́n á fi férémù àti gíláàsì bò ó, kí àlejò lè rí koríko. Fún ilé kan ní Ìyàrà tàbí Ẹ̀gbẹ̀, kí gíláàsì yẹn ṣeé ṣí, kó sì wà ní apá ìlà oòrùn níbi tí ìjì òjò ti máa ń wá, nísàlẹ̀ ògiri. Ní oṣù kẹsàn-án nígbà tí òjò bá ti rọ̀ débi pé aṣọ ò gbẹ, kí wọ́n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Tí koríko bá ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, tó sì ń rùn bí oko ìrẹsì, kí wọ́n pa á dé. Tó bá ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ká nígbà tí ò tíì gbẹ, kí wọ́n gun àkàbà lọ wo òrùlé lọ́jọ́ yẹn gan-an.