Bí Ilẹ̀kùn Ṣe Ń Pa Òǹwòran Lẹ́rìn-ín Nínú Eré Ẹ̀yìn Ìtàgé

Eré ẹ̀fẹ̀ tó dá lórí rúkèrúdò ẹ̀yìn ìtàgé kì í fi bẹ́ẹ̀ gbára lé ọ̀rọ̀ àpárá. Ẹni tó bá dá ìwé eré náà kà nínú yàrá lè má rẹ́rìn-ín rárá, nítorí pé inú ìṣẹ́jú àáyá tó wà láàárín ìgbà tí ẹnì kan jáde àti ìgbà tí ẹlòmíràn wọlé ni ẹ̀rín wà.

Irú eré bẹ́ẹ̀ nílò aago tí kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ilé ọ́pẹ́rà, níbi tí wọ́n ti ń fi orin kíkọ ṣe eré, sì ti ní in. Àwọn èèyàn ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, àwọn onífèrè àti onílù ti jókòó sínú kòtò wọn níwájú ìtàgé, aṣọ ìtàgé sì gbọ́dọ̀ ká sókè. Bí olórin pàtàkì kò bá sí, a kò lè fi ẹni tó ṣáà wà nítòsí dí àyè rẹ̀, nítorí ohùn tó ń borí gbogbo ohun èlò orin wọ̀nyẹn láìlo ẹ̀rọ gbohùngbohùn gba ọ̀pọ̀ ọdún ẹ̀kọ́.

Lend Me a Tenor, eré Ken Ludwig tó dé orí ìtàgé ní London ní 1986, fi èyí hàn kedere. Ọdún 1934 ni nínú rẹ̀, ìlú Cleveland ní Amẹ́ríkà sì ń retí gbajúmọ̀ olórin tẹ́nọ̀ (ohùn ọkùnrin tó ga) kan láti Ítálì tí yóò kọrin Otello, ọ̀gágun aláwọ̀ dúdú nínú ọ́pẹ́rà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Oògùn amárarọ̀ tó wọ inú rẹ̀ pọ̀ jù, oorun gbé e lọ fọnfọn. Ìwé ìdágbére tí ìyàwó rẹ̀ fi ìbínú kọ sílẹ̀ ni wọ́n sì kà sí ti ẹni tó gbẹ̀mí ara rẹ̀. Ni Max, olùrànlọ́wọ́ máníjà, bá wọ aṣọ Otello, ó kun ojú, ó lọ kọrin. Òkú jí, òun náà wọ aṣọ kejì, Otello sì di méjì nígboro. (Ojú tí wọ́n ń kùn dúdú yìí ti di ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò fara mọ́, Ludwig sì ti ṣe ẹ̀dà tó fi Pagliacci, ọ́pẹ́rà nípa àwọn aláwàdà tó ń kun ojú, rọ́pò Otello, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀dà ojú náà kò yí padà, èyíinì ni pé kí a má dá ẹni tó kùn ún mọ̀.)

Pálọ̀ òtẹ́ẹ̀lì wà lápá kan ìtàgé, iyàrá wà lápá kejì, òǹwòran sì ń rí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹnì kan ṣe ń wọ balùwẹ̀ ni ìkejì ti ń yí ọwọ́ ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí ti balùwẹ̀ bá tètè pa dé jù, àyà ẹnikẹ́ni kò ní já. Bó bá pẹ́ díẹ̀, wọ́n á pàdé, àṣírí á tú, eré á sì parí.

Òǹwòran nìkan ló mọ ohun gbogbo. Ọ̀rọ̀ kan náà lè jẹ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ létí ẹnì kan, kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ létí ẹlòmíràn. Nítorí náà, òṣèré tó bá ń wá ẹ̀rín yóò ba eré jẹ́. Bí ẹni tí ilé ń jó mọ́ lórí ló gbọ́dọ̀ ṣe é.

Lẹ́yìn ògiri pátákó náà gan-an, kẹ́kẹ́ máa ń pa ni. Máníjà ìtàgé jókòó ti ìwé eré tó ti sàmì sí, ó ń pe iná àti ìró níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti fi igi ti férémù ilẹ̀kùn kí ògiri má baà mì nígbà tí wọ́n bá gbá a dé. Aláṣọ sì dúró nínú òkùnkùn, ó di ẹ̀wù tí wọ́n ti tú gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ kó lè yá wọ̀ mú, ó ń fetí sí ẹsẹ̀ òṣèré tó ń sáré bọ̀.