“Ti ẹ̀mí ni”: ọ̀rọ̀ tí kì í jẹ́ ká tọ́jú ọkàn tó gbọgbẹ́

Ọjọ́ tí àwọn ajínigbé tú ẹ̀gbọ́n mi kan sílẹ̀, ilé wa kún débi pé àwọn kan dúró síta. Ojú ọ̀nà oko ni wọ́n ti mú wọn, kò jìnnà sí Ìsánlú ní ìpínlẹ̀ Kogí. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, gbogbo ẹbí wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀gbọ́n mi jẹ́rìí, a jó, a dá owó ọpẹ́. A gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí. Oṣù mẹ́ta kọjá, wọ́n ṣì ń ta gìrì lójú oorun bí ọ̀kadà bá kọjá lóru. Wọn ò lè lọ sóko mọ́. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọ́n á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa ṣọ́ gbogbo ẹni tó ń kọjá. Nígbà tí mo ní ká lọ rí ẹni tó ń tọ́jú ọkàn, ohun tí mo ti ń gbọ́ láti kékeré náà ni àwọn àgbà ilé tún sọ fún mi: “Ti ẹ̀mí ni. Ẹni tó nígbàgbọ́ kì í lọ tú inú rẹ̀ palẹ̀ fún àlejò.”

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Mo gbọ́ ọ nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan bímọ tán tí kò fẹ́ gbé ọmọ náà mọ́ra. Mo gbọ́ ọ nígbà tí bàbá kan ládùúgbò wa fẹ̀yìn tì tí kò sì dìde lórí ibùsùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mi ò ní máa ṣàlàyé bóyá àìsàn ọkàn wà. Ẹni tó bá ti gbé nílé pẹ̀lú rẹ̀ mọ̀. Mi ò sì ní máa jiyàn lórí bóyá àdúrà ń ranni lọ́wọ́. Èmi náà ń gbàdúrà, mo sì mọ ohun tó ti ṣe fún mi. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn, “ti ẹ̀mí ni”, ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò, nítorí òun ló ń di ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká wo ejò. Bí ejò bá bu àgbẹ̀ ṣán nínú oko iṣu ní ilẹ̀ Yàgbà, kò ní pẹ́ tí ẹnì kan á fi ní ejò lásán kọ́, wọ́n rán an ni. Wọ́n á dárúkọ ìjà ilẹ̀, wọ́n á dárúkọ orogún. Àmọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ẹlòmíràn ti ń sáré wá ọ̀kadà. Wọ́n á gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù kí wọ́n lè fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò. Ẹni tó sọ pé ọ̀tá ló rán ejò náà gan-an ni yóò jókòó sẹ́yìn, tí yóò di aláìsàn mú kó má baà jábọ́. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé abẹ́rẹ́ yẹn tàbùkù Ọlọ́run. Láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ wa, a mọ̀ pé ibi tí nǹkan ti wá lọ́tọ̀, ohun tó ń ṣe lára lọ́tọ̀. Oró ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹni yòówù kó rán an, oró la máa kọ́kọ́ bá jà.

Ìbẹ̀rù náà ní oró. Nígbà tí ewu bá dé, àyà á máa lù kìkì, iṣan á le, ara á múra láti sá tàbí láti jà. Ọlọ́run ló dá a bẹ́ẹ̀, òun ló sì ń gba ẹ̀mí là. Tí ewu bá lọ, ó yẹ kí ara rọlẹ̀. Lára àwọn kan, kì í rọlẹ̀. Ọpọlọ ti so ìró ọ̀kadà, òórùn igbó, ohùn ọkùnrin tí kò mọ̀ rí, gbogbo rẹ̀ mọ́ ewu. Ẹni náà á wá máa yẹra fún ohun gbogbo tó lè rán an létí. Bó ṣe ń yẹra fún wọn, bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ kò ní rí ẹ̀rí kankan pé ewu ti lọ. Tí irú èyí bá ti ju oṣù kan lọ, tí kò jẹ́ kéèyàn lè ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, PTSD ni àwọn dókítà ń pè é. Kò sí nínú èyí tó sọ pé ẹni náà kò gba Ọlọ́run gbọ́.

Kí wá ni olùtọ́jú ọkàn ń ṣe? Èyí gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀. A rò pé ìmọ̀ràn ló ń gbani, a sì ti ní àwọn àgbà tó ń gbani nímọ̀ràn. Iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀. Fún irú ọgbẹ́ ti ẹ̀gbọ́n mi, ìjókòó mẹ́jọ sí méjìlá ló sábà máa ń gbà. Ó kọ́kọ́ máa ń kọ́ni bí a ṣe ń mí kí ara tó ti le lè rọ̀. Lẹ́yìn náà, aláìsàn á máa sọ ìtàn ọjọ́ yẹn díẹ̀díẹ̀, á sọ ọ́, á tún un sọ, títí yóò fi di ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá, tí kò ní dà bí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ mọ́. Wọ́n á wá máa padà sídìí ohun tó ń bà á lẹ́rù, láti orí èyí tó kéré jù: kó kọ́kọ́ dúró létí títì níbi tí ọ̀kadà ń gbà ní ọ̀sán, kó tó kan ọ̀nà oko.

Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀rí jíjẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ìtàn tó ti parí nìkan ni ẹ̀rí ń gbà. Ó gbọ́dọ̀ dé “ẹ bá mi yin Olúwa” kí a tó jókòó. Níbo wá ni ẹni tí ìtàn rẹ̀ kò tíì parí yóò ti sọ ọ́? Bíbélì fúnra rẹ̀ fàyè sílẹ̀ fún un. Ẹ ka Sáàmù 88, kò parí sí ọpẹ́. Òkùnkùn ni ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn níbẹ̀. Ẹ ka 1 Àwọn Ọba 19. Èlíjà wà lábẹ́ igi, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì kò bá a wí pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré. Ó fún un ní àkàrà àti omi, ó jẹ́ kó tún sùn, ó tún jí i, ó tún fún un ní oúnjẹ. Ohùn jẹ́jẹ́ tí Ọlọ́run wá fi bá a sọ̀rọ̀, ẹ̀yìn oúnjẹ àti oorun ló dé. Àwọn ẹbí wa tó jẹ́ Mùsùlùmí náà mọ hádíìsì tó sọ pé Ọlọ́run kò sọ àrùn kan kalẹ̀ láìsọ ìwòsàn rẹ̀ kalẹ̀.

Kò tiẹ̀ yẹ kí àdúrà pẹ̀lú ìtọ́jú ṣàjèjì sí àwa. Àwọn míṣọ́nnárì SIM (Sudan Interior Mission) tó gbé ìyìn rere dé Ẹ̀gbẹ̀ nílẹ̀ Yàgbà náà ló dá ọsibítù sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn bàbá wa ń lọ sí méjèèjì, wọn ò rí ìjà láàárín wọn. Ní Abẹ́òkúta, ọdún 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo, dókítà ọpọlọ, ní kí àwọn aláìsàn ọsibítù ọpọlọ Àrò máa gbé láàárín ìlú lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé, kí ẹbí wọn wà pẹ̀lú wọn, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú ní ọsibítù. Ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Ó mọ̀ pé ẹni tí a bá yọ kúrò nínú ohun tó gbà gbọ́ àti láàárín àwọn èèyàn rẹ̀ kò tíì sàn tán.

Ohun mìíràn tó ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn ni pé wọ́n á pè wọ́n ní wèrè. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Òfin ilẹ̀ wa fúnra rẹ̀ ń pe àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ bẹ́ẹ̀ títí di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, nígbà tí ààrẹ fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun.

Mi ò sọ pé gbogbo ẹni tó bá lọ ló máa sàn. Àwọn kan lọ, kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Àwọn kan nílò oògùn pẹ̀lú. Owó ọkọ̀ sí Lọ́kọ́ja tàbí Ìlọrin kì í sì í ṣe kékeré fún àgbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ohun kan tún wà nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀mí tí olùtọ́jú kankan kò lè dé. Bí olùtọ́jú bá ń fi ìgbàgbọ́ yín ṣẹ̀sín, ẹ wá ẹlòmíràn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ da oògùn nù kí iṣẹ́ ìyanu lè ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe é. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ fi ṣẹ́ẹ̀nì de èèyàn yín mọ́lẹ̀ níbi àdúrà, ẹ mú un kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ sí Ìlọrin lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ìyàwó pásítọ̀ wa ló ń bá wọn wọkọ̀. Wọ́n á gbàdúrà nínú ọkọ̀ kí wọ́n tó gbéra. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n rìn dé ibi igi ìrókò tó wà lójú ọ̀nà oko, wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n padà sílé. Wọ́n ní àwọn tún máa lọ lọ́jọ́ Ajé.