Ìtẹ̀láìṣẹ́: agbára tí ilé ìgbọ́kọ̀sí alájà púpọ̀ fi ń la ìmìtìtì ilẹ̀ já

Ọ̀rọ̀ Yorùbá wo la ó lò fún ductility, ìyẹn agbára ohun kan láti tẹ̀ láìṣẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká pa "líle" tì. Ẹni tó fi í túmọ̀ ductility kò tíì rí kọnkéré tó fọ́ rí. Kọnkéré le, àmọ́ bí ìmìtìtì ilẹ̀ bá fì í sọ́tùn-ún sósì, ńṣe ló ń fọ́ yángá. "Rírọ̀" tí àwọn mìíràn gbé wá tún burú jù: ta ló fẹ́ gbé ọkọ̀ sórí àjà tó rọ̀? Ẹni tó sì kọ "dọkitílítì" kàn fi àmì ohùn wọṣọ fún Gẹ̀ẹ́sì ni. Ìtẹ̀láìṣẹ́ lèmi ń pè é: ó tẹ̀, kò ṣẹ́. Wọ́n ní ó ti gùn jù. Àìgbọ́dọ̀máṣe náà gùn, a sì ń lò ó lójoojúmọ́.

Mú wáyà tí wọ́n fi ń so irin, máa tẹ̀ ẹ́ lọ, máa tẹ̀ ẹ́ bọ̀. Ibi tó ti ń tẹ̀ yóò gbóná. Agbára ọwọ́ rẹ ni wáyà gbé mì, tó sọ di ooru. Iṣẹ́ tí a ń wá lọ́wọ́ irin inú òpó nìyẹn nígbà tí ilẹ̀ bá ń mì. Bóyá ó padà sí bó ṣe wà àbí kò padà, ìyẹn ò kàn mí. Kí àwọn èèyàn inú ilé ṣáà jáde láàyè.

Ríìngì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń yí àwọn irin gígùn inú òpó ká, ló ń fún òpó ní ìtẹ̀láìṣẹ́. Kí wọ́n sún mọ́ra, pàápàá lórí àti lẹ́sẹ̀ òpó, kí ìkọ́ wọn sì tẹ̀ wọnú, kí wọ́n má baà tú nígbà tí kọnkéré ẹ̀yìn bá bó dànù.

Lọ́jọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1994, ilẹ̀ mì ní Northridge ní California, ilé ìgbọ́kọ̀sí kan ní yunifásítì ibẹ̀ sì wó. Àwọn òpó ìta tẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ láìṣẹ́. Àwọn òpó inú, tí wọ́n ṣe kí wọ́n kàn máa ru ẹrù, ni àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò nàka sí. Bí ilé bá fì, gbogbo òpó ló ń bá a fì, àtèyí tí a pè àtèyí tí a ò pè.

Ibi tí ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ọkọ̀ ń gbà gòkè ti dé ìdajì òpó léwu gan-an. Òpó gígùn ráyè tẹ̀. Ọ̀nà yẹn ti dá òpó dúró láàárín, ó ti sọ ọ́ di kúkúrú. Kúkúrú ò ráyè, agbára á rọ́ bá a, á já. Ẹ kó ríìngì síbẹ̀ dáadáa, tàbí kí ẹ ya ọ̀nà náà kúrò lára òpó pátápátá.